Ẹni Tí Fúnmiọlá Ń Pè Jù

“Màmá, ta lẹ máa ń pè jù?”

Ọmọbìnrin kan tó ń ta fóònù ní ojú ọ̀nà Pólì ní Ọ̀wọ̀ ló bi Fúnmiọlá ní ìbéèrè yìí. Toyyibah ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà. Láti Òṣogbo ló ti wá kàwé, ó sì máa ń bá ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tajà nígbà tí kò bá sí ní kíláàsì. Kò fi ìbéèrè náà tọpinpin ẹnikẹ́ni. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń bi aláìsàn pé ibo ló ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà, kí ó lè mọ fóònù àti ètò ìpè tí yóò bá a mu.

Fúnmiọlá kò ronú. “Gbénga ọmọ mi ni o,” ló wí. “Ta ni mo tún ní tí mò ń pè?”

Kò purọ́. Obìnrin tí kì í purọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí di òní, ó ń wù ú kí ọmọ náà tún un bi, kí òun fara balẹ̀ dáhùn.

Ìdásẹn ni wọ́n bí Fúnmiọlá sí. Akọ̀wé atẹ̀wé ni ní kánsù títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọ̀gá tó bá ṣiṣẹ́ mọ̀ pé bí ìwé bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kò sí pé à ń wá àṣìṣe kiri inú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ilé tí wọ́n jọ kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ló ń gbé, òun nìkan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n ń kó aṣọ pẹpẹ fún láti fọ̀, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ bí a ṣe ń lọ etí aṣọ náà kí ó má ṣe rún. Adégbénga, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Kánádà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọbìnrin wọn kékeré, Tiwátọ́pẹ́, tí ìyá àgbà kò tíì fojú kàn rí àfi nínú fọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n kan ló ní, Oyèkẹ́. Ìyá wọn tètè kú, Oyèkẹ́ ló sì tọ́ ọ. Kò pé ọdún kan tí wọ́n mú Oyèkẹ́ lọ sí ilé-ìwé tó fi jáde, tí ó ń yan gààrí kí àbúrò rẹ̀ lè ráyè kàwé. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ nítorí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dárúkọ rẹ̀ níbi àpèjẹ pé òun ló rán Fúnmiọlá nílé-ìwé, yóò ní, “Ẹ jẹ́ ká jẹun jàre.” Nígbà tó tó ilé ọkọ, Ìmoru ló lọ, ní Ọ̀sẹ́ lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Òun náà ti di opó. Akínfẹ́mi ọmọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ojú títì ló sábà máa ń wà.

Àwọn ará ọ̀nà ibẹ̀ mọ ohun tí à ń pè ní fíláàṣì dáadáa. O pe ẹni kan, fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan, o pa á kí ó tó gbé e, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn ẹlòmíràn ń fi í tọrọ ìpè ni: pè mí padà, kò sí káàdì lórí fóònù mi. Ti Oyèkẹ́ àti Fúnmiọlá kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ọ̀kan nínú wọn yóò ṣe fíláàṣì sí èkejì, èkejì yóò sì dá a padà. Ó parí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojúmọ́ tó mọ́ lónìí, mo bá a dópin, ìwọ ńkọ́? Èmi náà bá a dópin. “Kíkan ilẹ̀kùn” ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn fún ara wọn láti ìgbà tí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kọ́kọ́ dé ìhà Ìmoru. Ẹni tó bá lọ sùn láìdáhùn yóò gbọ́ ìbáwí rẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí. Wọn kì í sábà bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Oyèkẹ́ kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò rí ojú ẹni tó ń sọ ọ́.

Ìdí nìyí tí Fúnmiọlá kò fi ka Oyèkẹ́ kún ẹni tí ó ń pè. Tí o bá bi ènìyàn pé kí ni ó máa ń jẹ jù, kò ní dárúkọ iyọ̀.

Omi ló ba fóònù rẹ̀ jẹ́. Ó tẹríba sórí abọ́ tí ó rẹ aṣọ pẹpẹ sí, fóònù kékeré náà yọ̀ kúrò ní ìbàdí rẹ̀ bọ́ sínú omi ọṣẹ. Ó yọ ọ́ kíá, ó tú u, ó sá a sóòrùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú ìrẹsì gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò kan ṣe wí. Kò jí. Nígbà tí ó yá fóònù aládùúgbò náà pe Gbénga, inú Gbénga dùn.

“Ó kú oríire, Màmá! Ẹ jẹ́ kó kú. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kẹ́ ẹ ra fóònù ńlá. Tiwá ń béèrè ìyá àgbà rẹ̀, fọ́tò ni mo ń fi hàn án. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Màmá.”

“Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀?”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọgbọ̀n ọdún tẹ̀wé? Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín.”

Báyìí ló ṣe dé ọ̀dọ̀ Toyyibah.

Nínú gbogbo fóònù tí Toyyibah kó síwájú rẹ̀, méjì ló bá owó ọwọ́ rẹ̀ mu. Èkíní kò fẹ̀ púpọ̀, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba síìmù méjì, ó tún ní àyè fún káàdì tí ń tọ́jú fọ́tò àti fídíò. Èkejì fẹ̀ bí ìwé orin, ojú rẹ̀ mọ́ rekete. Fúnmiọlá di èkejì mú.

“Ẹ gbọ́ o, Màmá,” ni Toyyibah wí. “Èyí tẹ́ ẹ mú yìí dára, àmọ́ ojú ihò méjì péré ló ní. Síìmù kan máa wọ ọ̀kan. Ìkejì, ẹ lè fi síìmù kejì síbẹ̀, ẹ sì lè fi káàdì fídíò síbẹ̀. Kò lè gba méjèèjì pa pọ̀. Inú fóònù fúnra rẹ̀ kéré, tí kò bá sí káàdì, fídíò ọmọ yín ò ní í pẹ́ kún un.”

“Síìmù wo ni ká wá fi sí i?”

“Ìdí tí mo fi bi yín nìyẹn. Síìmù yín àtijọ́ yìí, ó dáa fún ìpè, ó ń dé gbogbo ìgbèríko. Àmọ́ dátà rẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi níbí, tẹ́ ẹ bá san ti oṣù kan, ẹ máa rí ojú ọmọ yín lójoojúmọ́, kò ní í já. Tó bá jẹ́ àwọn ará abúlé lẹ máa ń pè, ẹ má yọ ti àtijọ́ kúrò o. Tó bá jẹ́ ará òkè òkun, ẹ gba tuntun.”

Ó ti ní Gbénga ni. Kò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

Toyyibah gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ó ní kó fi ìka tẹ ẹ̀rọ, ó sì forúkọ síìmù tuntun sílẹ̀. Síìmù náà wọ ojú ihò kan, káàdì fídíò wọ èkejì. Ó kó gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí síìmù àtijọ́ sínú fóònù ńlá, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé Fúnmiọlá ti ní nọ́ńbà tuntun. Kò sí ohun tó yẹ kí oníṣòwò ṣe tí ọmọ náà kò ṣe. Ó fi bébà kékeré wé síìmù àtijọ́, ó nà án sí i: “Ẹ má sọ ọ́ nù o, Màmá.” Fúnmiọlá tì í sínú pọ́ọ̀sì.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà dé Ìmoru. Oyèkẹ́ kò lè kà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Fúnmiọlá rí Tiwátọ́pẹ́. Ọmọ náà ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó nà án sí ojú fóònù pé kí ìyá àgbà gbà. Fúnmiọlá ya ẹnu, ó ṣe bí ẹni gbé e mì. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lulẹ̀. Obìnrin tó ti ń gbé ilé ńlá ní òun nìkan láti ọdún mélòó kan wá, ẹ má ṣe bá a wí pé inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló rántí Oyèkẹ́. Ó ṣe fíláàṣì. Oyèkẹ́ kò dá a padà. Ó ní bóyá ó ti sùn. Ní ọjọ́ kejì ó tún ṣe é, ó tiẹ̀ jẹ́ kí ó dún títí, kò sí ìdáhùn. Àkókò òjò ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti lọ sí ahéré, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé, ó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó pinnu pé bí ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá bá ti kọjá, òun yóò lọ sí Ìmoru lọ fún un ní nọ́ńbà tuntun lójúkojú. Ìpàdé kọjá. Òjò rọ̀. Gbénga ní Tiwá fẹ́ kọ orin kan fún un gbọ́ ní ọjọ́ Sátidé.

Ìhà Ìmoru ni kí ẹ bá mi lọ báyìí. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, Oyèkẹ́ kan ilẹ̀kùn. Ohùn obìnrin kan ló dáhùn, ó ń sọ èèbó. Oyèkẹ́ pa á. Ó dúró díẹ̀, ó tún kàn án. Obìnrin kan náà. Ó tún ṣe é ní ọjọ́ kejì àti ní ọjọ́ kẹta, obìnrin elédè èèbó náà kò kúrò nídìí fóònù àbúrò rẹ̀. Fóònù tirẹ̀ dún nígbà kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe máa ń dún fún Fúnmiọlá, Akínfẹ́mi sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé ìpè tí kò bá mọ̀, nítorí àwọn oníjìbìtì. Ó bi ara rẹ̀ pé níbo ni obìnrin ti máa ń fi èèbó dá ènìyàn lóhùn bẹ́ẹ̀, láìbínú, láìrẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́? Ó rántí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ni.

Ó di adìyẹ kan lẹ́sẹ̀, ó gun ọ̀kadà dé Ìfọ́n, ó wọ ọkọ̀ láti Ìfọ́n dé Ọ̀wọ̀.

Èdè ìlú wọn ni wọ́n bá ara wọn sọ ní ọjọ́ náà. Mo tún un kọ báyìí kí gbogbo ẹni tó bá ń kà á lè gbọ́ ọ.

Fúnmiọlá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fóònù sókè síwájú ojú rẹ̀, ó ń kọrin ọmọdé pẹ̀lú Tiwátọ́pẹ́, ó ń mi orí. Ẹ̀rín ń pa á. Nígbà tí ó gbójú sókè, Oyèkẹ́ dúró sí ẹnu géètì, ẹrẹ̀ dé ojúgun rẹ̀, adìyẹ lọ́wọ́.

“Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wá wo Tiwá, ẹ wá wo ọmọ yín!”

Oyèkẹ́ wá, ó gbé adìyẹ sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọrùn àbúrò rẹ̀, bí a ṣe ń yẹ ọmọ wò bóyá ara rẹ̀ gbóná. Fúnmiọlá ti yí fóònù sí i lójú.

“Màmá Ìmoru!” ni Gbénga kígbe láti inú fóònù. “Ẹ mà kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ̀yin náà ti di ọ̀dọ́mọdé padà.”

“Gbénga. Ìyá rẹ kò ṣàìsàn?”

“Àìsàn kẹ̀? Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán? Orin ló ń kọ láti àárọ̀, ó fẹ́ ba ohùn ọmọ mi jẹ́ ni.”

“Ó dára,” ni Oyèkẹ́ wí. “Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lọ́hùn-ún.” Ó yí ojú kúrò níwájú fóònù, ó jókòó sórí àga.

Nígbà tí Gbénga ti kúrò lórí fóònù, Fúnmiọlá bu omi wá. Oyèkẹ́ mu ún tán láìgba èémí.

“Nítorí náà, kò sí ohun tó ṣe ọ́.”

“Kí ni ì bá ṣe mí, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Mo kan ilẹ̀kùn, obìnrin kan ń fi èèbó dá mi lóhùn. Mo ní nọ́ọ̀sì ni.”

Fúnmiọlá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ti jáde kí ó tó lè dá a dúró. “Nọ́ọ̀sì! Ẹ̀rọ nìyẹn! Ẹ̀rọ ló ń sọ pé fóònù ò sí ní títàn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ pa mí!”

“Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ni.” Oyèkẹ́ gbé ife sílẹ̀. “Ọsibítù ńlá ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ àwọn obìnrin sí, mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan dojú bolẹ̀, irun rẹ̀ jọ tìrẹ, mo dúró tì í títí ó fi yíjú. Wọ́n bi mí léèrè orúkọ rẹ, wọ́n ní kò sí. Ọkùnrin kan ní tí n kò bá rí ọ níbẹ̀, kí n lọ wo ilé kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ń gbé òkú sí. Mi ò lọ. Mo ní tó bá jẹ́ ibẹ̀ lo wà, ilé ni kí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Fúnmiọlá. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́. Omi ló ba fóònù mi jẹ́. Mo kan ilẹ̀kùn láti orí nọ́ńbà tuntun, ẹ ò dá mi lóhùn.”

“Ohùn àjèjì ló dún. Tí ìwọ bá kàn án, àkùkọ ló máa ń kọ. Akínfẹ́mi ló ṣe é bẹ́ẹ̀ fún mi ní Kérésì. Ọ̀tọ̀ ni tìrẹ.”

Fúnmiọlá kò mọ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Kò sí ìgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oyèkẹ́ tó nílò láti kan ilẹ̀kùn fún un.

Ì bá dákẹ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ó sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun mọ̀ pé òun kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ó ń kà á fún un lẹ́sẹẹsẹ bó ṣe ṣẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwà rẹ̀, kò fẹ́ fo ohunkóhun. Ó sọ ti fóònù kékeré àti ti ńlá. Ó sọ ti ojú ihò méjì.

“Ọmọ tó ń tà á kò ṣe àìdáa o. Ó tiẹ̀ bi mí. Ó ní ta ni mo máa ń pè jù, mo ní Gbénga ni, ló bá ní kí n yọ ti àtijọ́...”

“Kí ni o wí?”

“Pé kí n yọ síìmù ti...”

“Ṣáájú ìyẹn.”

“Pé Gbénga ni.”

“Ó ní ta ni ò ń pè jù, o ní Gbénga.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, àwa kì í ṣáà pe ara wa. Fíláàṣì la máa ń...”

Ó gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ẹyin ni ohùn. Ó ti bọ́.

“Òótọ́ lo sọ,” ni Oyèkẹ́ wí. Kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín. “A kì í pe ara wa.”

Ó dìde. Fúnmiọlá ní kó jẹun, ó ní òun ti jẹun. Fúnmiọlá ní kó sùn di ọ̀la, ó ní ewúrẹ́ òun wà nílẹ̀ láìso. Fúnmiọlá ká owó ọkọ̀ sí i lọ́wọ́. Ó gbà á, ó dúpẹ́, nígbà tí ó sì lọ tán, owó náà wà lábẹ́ ife tó fi mu omi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fúnmiọlá ti dúró sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù kí Toyyibah tó ṣí i.

“Yọ káàdì fídíò yìí kúrò. Fi síìmù mi àtijọ́ sí i.”

“Àwọn fídíò ọmọ yín wà lórí ẹ̀ o, Màmá. Ẹ ò ní í rí wọn wò mọ́.”

“Yọ ọ́.”

Toyyibah yọ ọ́. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì rọra béèrè pé, “Ṣé ẹnì kan ń wá yín lórí ti àtijọ́ ni? Màmá, ṣebí mo bi yín?”

“O bi mí.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ?”

“Mi ò mọ̀ pé ó wà lára àwọn tí ò ń bi mí.”

Ní alẹ́, ó kan ilẹ̀kùn láti orí nọ́ńbà àtijọ́. Ó dún. Ó gbé fóònù sórí itan, ó ń wò ó. Kò sí ìdáhùn. Ó tún kàn án ní ọjọ́ kejì àti ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kan tí Gbénga pè, tí Tiwátọ́pẹ́ fẹ́ kọrin, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la, kí òun má bàa wà lórí ìpè nígbà tí ẹnì kan bá ń wá òun. Gbénga ní, “Ta tún ni, Màmá?”

Nígbà tó yá, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìmoru.

Kò bá Oyèkẹ́ nílé. Ilẹ̀kùn wà ní títì, ewúrẹ́ wà ní síso lábẹ́ igi. Ó dúró sí àgbàlá, kò mọ ibi tí yóò yà sí, ló bá fa fóònù yọ, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ilé kejì, àkùkọ kan kọ. Ó dákẹ́, ó tún kọ. Àkùkọ gidi kì í kọ bẹ́ẹ̀, ohùn náà tinrín bí ohùn inú agolo. Fúnmiọlá jẹ́ kó dún títí ó fi já. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò gbọ́ bí òun ṣe ń dún nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tẹ̀ lé ohùn náà.

Ibi tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Qudirat ti ń fún epo pupa ni ó dé. Qudirat wà nídìí agbada, èéfín bò ó. Oyèkẹ́ jókòó sórí àpótí ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ẹ̀kùrọ́ sórí òkúta, ó ń fi òkúta mìíràn pa á. Fóònù wà lórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sí bí kò ṣe ní gbọ́ ọ.

“Ẹ káàbọ̀, ìyá Gbénga,” ni Oyèkẹ́ wí.

Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, “Fúnmi” ló ń pè é. Ohùn tí a fi ń kí ìyàwó àlùfáà ló fi kí i.

Fúnmiọlá kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀kùrọ́.

“Dìde níbẹ̀, yóò gún ọ lórúnkún.”

“Mi ò dìde. Ẹ bá mi wí. Ẹ nà mí.”

“Nà ọ́ kẹ̀? Ní ọjọ́ orí wa yìí?” Ó pa ẹ̀kùrọ́ kan, ó ju ọmọ inú rẹ̀ sínú abọ́. “Kò sí ìjà, Fúnmiọlá. Mo ti gbọ́ àlàyé rẹ. Ó yé mi.”

“Kí ló dé tí ẹ kì í fi dá mi lóhùn?”

“Mo ń gbọ́ ọ. Alaalẹ́ ni àkùkọ ń kọ. Mo mọ̀ pé o wà láàyè, mo sì ń sùn.”

“Èmi ńkọ́? Báwo ni èmi yóò ṣe mọ̀ pé ẹ̀yin wà láàyè?”

Oyèkẹ́ mú ẹ̀kùrọ́ mìíràn, ó yí i títí ó fi rí ibi tó yẹ kí òun gbé e lé.

“Ọ̀nà Ìmoru kò dí,” ló wí.

Qudirat tí kò gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán ti dé pẹ̀lú àga. “Ẹ jókòó, ìyá Gbénga, ẹ má jẹ́ kí aṣọ yín bàjẹ́. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín kó sinmi. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wá pa ẹ̀kùrọ́ fún mi nítorí owó ọkọ̀ lásán. Mo ní mo fi jì í, ó ní rárá.”

“Owó ọkọ̀ wo?”

“Èyí tó yá lọ́wọ́ mi nígbà tó ń lọ sí Ọ̀wọ̀. Ó dé ibí pẹ̀lú ẹkún, ó ní wọ́n ti gbé yín lọ sí ọsibítù.”

Ẹkún. Oyèkẹ́ kò sọ èyí fún un. Fúnmiọlá ṣí pọ́ọ̀sì, ó nà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sí Qudirat. Qudirat wo ojú Oyèkẹ́, ó sì káwọ́ sẹ́yìn.

“Ẹ má jẹ́ ká jọ jà, ìyá Gbénga. Ó ti sọ fún mi pé bí ẹ bá wá, tí mo bá gbà á, àdúgbò yìí kò ní í gba èmi àti òun.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni ẹ wá wò. Gbèsè tèmi ni.”

“Kì í ṣe tìrẹ,” ni Oyèkẹ́ wí. “Èmi ni mo lọ wo àbúrò mi. Kò sẹ́ni tó rán mi.”

Fúnmiọlá pa pọ́ọ̀sì dé. Ó fa àga súnmọ́ ọn, ó jókòó, ó ṣa ẹ̀kùrọ́ kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé etí òkúta, ó wá òkúta kékeré kan tó lè bá ọwọ́ rẹ̀ mu.

“Gbé e sílẹ̀,” ni Oyèkẹ́ wí, láìgbójú sókè. “Àwọn tèmi nìyẹn.”

Ó gbé e sílẹ̀. Ó jókòó tì í títí ọkọ̀ tó ń padà sí Ìfọ́n fi dé, Oyèkẹ́ sì ń pa á lọ. Nígbà tí Fúnmiọlá dìde, ẹ̀kùrọ́ inú apẹ̀rẹ̀ náà kò tíì dín dé ìdajì.